Ohùn Tí Mo Yá ní Òkèrèwè

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín pé ẹni tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo kò tíì wọ iléèwé jókòó, ó ń sọ pé òun ti fẹ̀yìn tì. Òótọ́ ni. Iṣẹ́ kan ni mo kọ́, òun ni mo ń ṣe láti ìgbà tí mo ti jáde iléèwé girama, mo sì ti fi í sílẹ̀ pátápátá. Ní Enuwa, nílùú Ifẹ̀, tí mo ti ń ta aṣọ ọmọ-ọwọ́ báyìí, tí àwọn ọmọge tó wá rajà bá ti gbọ́ pé èmi ni mò ń ṣe Ìyá Kòtẹ́milọ́rùn lórí rédíò nígbà kan, wọn kì í rántí aṣọ mọ́. "Àǹtí, ẹ kọ́ wa. Àǹtí, ṣé owó wà ńbẹ̀?" Owó wà ńbẹ̀ díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ohun tí ẹ ò bi mí ni mo fẹ́ sọ.

Ìpetumodù ni wọ́n bí mi sí. Ilé àbúrò ìyá mi ní Ifẹ̀ ni mo wà nígbà tí ẹnì kan mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Ráfíù, tó ń kọ àwàdà fún rédíò. Ẹni tí kò bá gbọ́ Ọ̀gá Ráfíù rí, mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ẹ̀ fún un. Kì í kọ Yorùbá inú ìwé. Bí àwọn ará Ifẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú ilé wọn, nígbà tí àlejò ò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń kọ ọ́. Ó ní Yorùbá ìròyìn dára fún ìkéde òkú àti fún owó epo, ṣùgbọ́n òun ò tíì rí ẹni tó fi í bá ìyàwó ẹ̀ jà rí. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè yẹn nílé ìyá yín àgbà, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ: ilé ń di ulé, iṣu ń di uṣu, iṣẹ́ ń di uṣẹ́, ọ̀rọ̀ yóò sì rọra fà bí ẹni tó ń na ara lórí ẹní. Bẹ́ẹ̀ Ọ̀gá fúnra wọn kì í ṣe ọmọ Ifẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ogun ló lé àwọn baba ńlá wọn wá láti ọ̀nà Ọ̀yọ́. Wọ́n ní nítorí náà ni àwọn ṣe mọ̀ pé nǹkan àyálò ni èdè, èèyàn ò sì gbọdọ̀ fi nǹkan onínǹkan ṣeré.

Ọjọ́ tí mo dé, mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo gbọ́n. Mo tẹ ẹ̀yìn, mo gbọn ohùn, mo di arúgbó. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín.

"Ta lò ń ṣe yẹn?"

"Ìyá arúgbó ni, sà."

"Èwo nínú wọn?"

"Arúgbó ṣáá ni, sà."

"Arúgbó ṣáá ò sí. Lọ wá ẹnì kan."

Bí wọ́n ṣe rán mi lọ sí àdúgbò Òkèrèwè nìyẹn, sọ́dọ̀ Ìyá Adéòtí. Wọ́n ní kí n lọ jókòó. Mi ò gbọdọ̀ kọ nǹkan kan sílẹ̀, mi ò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ gba ohùn ẹnikẹ́ni. Kí n ṣáà jókòó, kí n máa bá ìyá pa ẹ̀gúsí. Èékánná mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán sídìí ẹ̀gúsí. Tí mo bá padà, Ọ̀gá á bi mí pé, "Kí ló sọ lónìí?" Tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ̀rọ̀, wọ́n á fi òrùka gbá tábìlì. "Ṣé ọ̀rọ̀ ni mo bi ọ́? Níbo ló ti mí?" Ẹ gbọ́ o, ibi tí ìyá ti mí láàárín ọ̀rọ̀ ni wọ́n fẹ́ kí n mú wá. Tí mo bá mú un wá, wọ́n á ní kí n kọjú sí ògiri, kí n so ọwọ́ pọ̀ sẹ́yìn, kí n sọ ọ́. Mo sunkún níwájú ògiri yẹn gan-an. Mo mọ ibi tí ọ̀dà ti bó lára ẹ̀ bí mo ṣe mọ ojú ara mi.

Ìyá Adéòtí kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń tàn. Lọ́jọ́ kan, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè nídìí ẹ̀gúsí, wọ́n ní, "Ṣé wọ́n ní kí o wá jí ohùn mi gbé ni?"

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Wọ́n ní kí n wá yá a ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Kò burú. Ṣáà má bà á jẹ́. Mi ò ní òmíràn."

Ọkọ wọn, Bàbá Adéòtí, ò ríran mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á fi ọ̀pá wá ọ̀nà lọ sí iwájú ilé aládùúgbò láti lọ jiyàn. Tí oúnjẹ bá ti délẹ̀, ìyá á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ké e: "Bàbá Adéòtí o! Máa bọ̀ ní ulé, uṣu ti jinná!" Ojoojúmọ́ ni. Ọjọ́ tó bá jẹ́ ẹ̀bà ni wọ́n tẹ̀, uṣu náà ló jinná. Ọjọ́ tó bá jẹ́ ìrẹsì, uṣu ni. Bàbá á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn, wọ́n á wá dìde.

Ara ìyá yẹn ni mo ti fa Ìyá Kòtẹ́milọ́rùn yọ, arúgbó tí kò sí nǹkan tó tẹ́ ẹ lọ́rùn láyé. Ó gba akẹ́kọ̀ọ́ sí ulé, ó ní ọmọ náà ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa omi ní yunifásítì, ó sì ti fi kànga òun ṣe ìdánwò tán. Ó ní ọkọ òun ń wá fìlà tó wà lórí ẹ̀. Òun ní kó lọ wo dígí, ó wá ń wá dígí náà. Gbogbo ìlú ló ń gbọ́ ọ. Mo sì máa ń fi ìpè yẹn parí rẹ̀: máa bọ̀ ní ulé, uṣu ti jinná. Àwọn ọlọ́kadà ń fi pe èrò. Ìyá Adéòtí fúnra wọn á jókòó ti rédíò, wọ́n á máa dá èmi tí mo wà nínú rédíò lóhùn pé, "Irọ́ ni! Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀!" Bàbá á ní, "Ìwọ ni. Àná lo sọ ọ́."

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ òfin iṣẹ́ wa. Ọ̀gá kọ́ mi pé ohùn tí mo bá yá lára èèyàn, lọ́jọ́ tí onítọ̀hún bá kú, mo gbọ́dọ̀ dá a padà. Màá lọ jókòó nínú ilé olóògbé, màá fi ohùn yẹn bá àwọn ẹbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, màá mu omi, màá dákẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò gbọdọ̀ fi í pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín mọ́. Mo béèrè ìdí. Wọ́n ní àwọn náà ò béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá àwọn.

Mo tẹ̀ lé wọn lọ dá ọ̀kan padà rí, ohùn ọdẹ kan. Àwọn ọmọ ọdẹ náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sunkún, Ọ̀gá mu omi, ó tán. Nígbà tí à ń bọ̀ nínú mọ́tò, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe ọdẹ yẹn fún mi díẹ̀ sí i. Wọ́n la ẹnu. Mo ń wo ọ̀nà ọ̀fun wọn bó ṣe ń lọ sókè, tó ń bọ̀ nílẹ̀. Kò sí ohùn kankan tó jáde. Wọ́n pa ẹnu dé, wọ́n ń wo ojú títì.

Kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ṣì ń lò nílé iṣẹ́ rédíò nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. Bíléèdì ni wọ́n fi ń gé téèpù, wọ́n á fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Tí ohùn bá ti gbó lórí kásẹ́ẹ̀tì, ó gbó nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà dé ọ̀dọ̀ wa, tòun ti Táíwò tó ń tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà kì í jẹ́ kí nǹkan gbó. Ohùn tí mo fi sílẹ̀ síbẹ̀ nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọge, ó wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Inú mi dùn sí i nígbà yẹn. Ọ̀gá ò fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní ó dà bí ilé tí wọn kì í ti ń gbé òkú jáde.

Ọyẹ́ ló gbé Ìyá Adéòtí lọ. Wọ́n ní àyà ń dùn wọ́n, kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti lọ. Mo sunkún wọn bí ẹni sunkún ìyá ẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Ọ̀gá mú mi lọ láti dá ohùn padà. Bàbá Adéòtí wà lórí àga, ọmọ wọn, Àǹtí Adéòtí, dúró lẹ́yìn wọn. Omi wà níwájú mi nínú ife. Mo la ẹnu pé kí n bẹ̀rẹ̀, bàbá na ọwọ́ síta, wọ́n ń wá mi kiri nínú afẹ́fẹ́.

"Ọmọ mi, má ṣe é."

"Bàbá, bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn," Ọ̀gá ló dáhùn.

"Mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́. Ulé yìí ti dákẹ́ jù. Tí ẹ bá gba ìyẹn náà lọ, kí ló kù fún mi? Ojú ò sí. Ẹ fi etí sílẹ̀ fún mi."

Ọ̀gá da omi yẹn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí à ń jáde. Wọ́n ní kí n máa ṣe Ìyá Kòtẹ́milọ́rùn lọ, ṣùgbọ́n ìpè ìparí yẹn, kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu mi mọ́. "Ìyá yẹn ti kú, Mojí. Kò gbọdọ̀ máa pe ọkọ ẹ̀ síbi tó wà. Ṣé o gbọ́?" Mo gbọ́. Ta ni kò mọ̀ nílẹ̀ yìí pé tí òkú bá pe èèyàn, onítọ̀hún ò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ?

Nǹkan bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo wà nídìí máìkì, mò ń ka ohun tí Ọ̀gá kọ, ni mo bá gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé: "Fìlà tí ò ń wá, ẹ̀yìn ìkòkò omi ló já sí. Ṣé èmi náà ni kí n tún wá mú un fún ẹ?" Kò sí nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ mi. Táíwò rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo fi kún un ni. Lọ́jọ́ kejì ni Àǹtí Adéòtí pè mí. Kò kí mi. "Mojí, ta ló sọ fún ẹ nípa fìlà?" Bàbá ti dìde nídìí rédíò, wọ́n fi ọwọ́ wá ẹ̀yìn ìkòkò, wọ́n mú fìlà, wọ́n dé e, wọ́n sì ní, "O ṣeun, ìyàwó." Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyá ni fìlà náà ti sọnù.

Mo lóyún nígbà yẹn. Mo sọ fún ara mi pé oyún ló ń dà mí láàmú.

Lẹ́yìn ìyẹn, Àǹtí Adéòtí wá sílé mi fúnra wọn. Wọ́n jókòó, wọn ò fẹ́ mu nǹkan kan. Wọ́n ní ní gbogbo ọjọ́ tí ètò wa bá fẹ́ wáyé, bàbá á wẹ̀, wọ́n á ní kí Àǹtí Adéòtí bá àwọn gé èékánná, wọ́n á wọ aṣọ funfun, wọ́n á gbé ọ̀pá lé itan. Wọ́n á máa gbọ́ ọ títí á fi parí. Tó bá parí, wọ́n á mí kanlẹ̀. "Kò tíì pè mí lónìí náà." Wọ́n á bọ́ aṣọ.

"Ìpè yẹn ni wọ́n ń dúró dè," Àǹtí Adéòtí sọ. "Ọjọ́ tí wọ́n bá gbọ́ ọ, wọ́n máa lọ. Mo mọ bàbá mi. Mojí, mo bẹ̀ ẹ́ ní orúkọ oyún inú ẹ, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyá mi ni. Jẹ́ kí n ní ẹnì kan."

Mo búra fún wọn. Ṣùgbọ́n mánéjà wa ò sí níbẹ̀ nígbà tí mo búra. Òun ti gbọ́ láti ẹnu àwọn tó ń gbé ìpolówó wá pé àwàdà náà ò dùn mọ́, pé kí ni wọ́n ṣe sí "uṣu ti jinná"? Ó pè mí. Mo ṣàlàyé. Ó tẹ́tí, ó tiẹ̀ mi orí. Ó wá ní, "Mo gbọ́, ìyàwó. Ìwọ má sọ ọ́. Ó wà nínú kọ̀ǹpútà. Táíwò á kàn tẹ̀ ẹ́ ni."

Ètò tí à ń ṣe ní tààràtà ni lọ́jọ́ yẹn, bí a ṣe ń sọ ọ́ ni ìlú ń gbọ́ ọ. Ọ̀gá ò sí níbẹ̀, ara wọn ò yá. Mò ń ṣe Ìyá Kòtẹ́milọ́rùn, mò ń bú àwọn ayálégbé, ọmọ ń ta ẹsẹ̀ nínú mi bí ẹni tó fẹ́ jáde. Lẹ́yìn gíláàsì, mo rí Táíwò tí ọwọ́ ẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà, mánéjà dúró tì í. Mo ń mi orí sí wọn. Mo ń fa ọ̀rọ̀ gùn kí àkókò lè lọ. Mo bú ayálégbé, mo bú ajá ayálégbé.

Ni mo bá gbọ́ ọ nínú ẹ̀rọ tó wà létí mi: "Bàbá Adéòtí o!"

Mo mọ ohùn mi. Ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ yìí níwájú ògiri, ó mọ ibi tí òun ti ń mí. Ibi tí Ìyá Adéòtí ti máa ń mí nínú ìpè yẹn ni ẹni yìí ti mí, èmi ò sì lè mí síbẹ̀. Mo gbìyànjú ẹ̀ lọ́pọ̀ ọdún, mi ò rí i mú.

"Máa bọ̀ ní ulé, uṣu ti jinná!"

Mo rí bàbá lójú mi, tí wọ́n rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń fi ọ̀pá dìde. Mi ò ronú. Mo fi ẹnu kan máìkì, mo fi gbogbo agbára ohùn tí mo yá yẹn kígbe: "Háà, Bàbá Adéòtí, padà jókòó! Ta ló ní kí o dìde? Mo gún un wò nísinsìnyí, ó ṣì le bí òkúta. Uṣu ò tíì jinná! Jókòó sí ulé, èmi náà ni màá pè ẹ́!"

Ìlú ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọjọ́ yẹn ló dùn jù. Nígbà tí ètò parí, tí iná pupa kú, mo jáde bá Táíwò, mo fẹ́ gbá a létí. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Àǹtí Mojí," ó ní, "mi ò tíì tẹ̀ ẹ́ o."

Mánéjà náà ti rí i pé kò tíì tẹ̀ ẹ́.

Ní Òkèrèwè, bàbá ti dé ẹnu ọ̀nà. Àǹtí Adéòtí ní ọwọ́ wọn ti wà lára ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ kan ti wà níta, ojú wọn ń dán bí ojú ẹni tó ń ríran. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohùn kejì, wọ́n dúró. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Obìnrin yìí! Ó ti máa ń pẹ́ jù nídìí uṣu." Wọ́n padà, wọ́n jókòó, wọ́n ní kí wọ́n fún àwọn ní ẹ̀kọ tó bá wà.

Mo lọ bá Ọ̀gá lórí ibùsùn àìsàn. Mo ní kí a lọ dá ohùn náà padà kíákíá, kí n bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n kọ̀.

"Kò ṣeé dá padà mọ́, Mojí. Ìwọ lo ní kí bàbá jókòó. Tí o bá mu omi yẹn, ta ló máa sọ fún un pé kò tíì jinná?"

Bí mo ṣe fi iṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn. Mi ò ṣe Ìyá Kòtẹ́milọ́rùn mọ́, mi ò ṣe ẹnikẹ́ni mọ́. Ọ̀gá ti di olóògbé báyìí, kí Ọlọ́run fi àlùjánńà kẹ́ wọn. Táíwò pa gbogbo ohùn náà rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà lójú mi. Gbólóhùn kan ló kù lọ́wọ́ mi. Nígbà gbogbo tí ọjọ́ ètò wa àtijọ́ bá pé, ní ìrọ̀lẹ́, Àǹtí Adéòtí á pè mí lórí fóònù, wọ́n á gbé e sí etí bàbá. "Ìyàwó, ṣé ó ti jinná?" Màá jáde síta kí ọmọ mi má baà gbọ́. "Kò tíì jinná. Jókòó." Bàbá á rẹ́rìn-ín. Ó tán.

Mo fẹ́ràn wọn. Mi ò purọ́ fún yín: nígbà míì, mo máa ń rò ó pé ta ni mò ń ṣe lóore. Ẹsẹ̀ ti ń dùn wọ́n gan-an báyìí. Àǹtí Adéòtí ò bẹ̀ mí mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Tí wọ́n bá gba fóònù padà, wọ́n á kàn pa á.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo gbé iṣu ka iná gáàsì. Ọmọ mi ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ilé wa, Yorùbá Ìpetumodù tèmi àti ti bàbá ẹ̀ là ń sọ; kò gbọ́ Ìyá Kòtẹ́milọ́rùn rí láyé ẹ̀. Ọmọ náà dìde, ó rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ kan di férémù mú bí àgbàlagbà tí ẹ̀yìn ń dùn. Ó mí. Ó mí síbi tí èmi ò lè mí sí.

"Bàbá Adéòtí o! Máa bọ̀ ní ulé, uṣu ti jinná!"

Ó padà wá, ó jókòó sídìí ìṣeré ẹ̀. Fóònù mi ti ń dún lórí tábìlì. Ọjọ́ ètò wa kọ́.

Mo ṣí ìkòkò kí n tó gbé e. Mo fi fọ́ọ̀kì gún iṣu náà. Ó ń wọlé díẹ̀, ó ku díẹ̀ péré. Mo pa gáàsì. Mo da omi gbígbóná náà nù, mo da omi tútù lé iṣu lórí kó má baà jinná, mo tún un gún.

"Mojí," Àǹtí Adéòtí sọ. "Bàbá ti wọ bàtà. Wọ́n ní wọ́n pe àwọn."

"Ẹ gbé e sí etí wọn, mà."

Mo gbọ́ èémí bàbá. Mo fi ohùn tí mo yá sọ ọ́ níwájú ọmọ mi, mi ò jáde síta mọ́. "Èmi kọ́ ni mo pè ẹ́. Ọmọdé ló ń ṣeré. Kò tíì jinná, mo fi fọ́ọ̀kì gún un fúnra mi. Bọ́ bàtà, jókòó."

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìró bàtà kan tó bọ́ sílẹ̀, àti èkejì.

Búrẹ́dì la jẹ lọ́jọ́ náà.